Agbo Ilé Kan, Ojúlé Púpọ̀: Bí Ìkànnì Púpọ̀ Ṣe Ń Gbé Inú Ẹ̀rọ Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lásán, ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù bá mi lọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe lè gba ìkànnì mẹ́ta, mẹ́wàá, àní ọgọ́rùn-ún mọ́ra, tí olúkúlùkù yóò sì máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Virtual host ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ètò yìí. Mo tún fẹ́ dábàá orúkọ tí ó yẹ kí àwa máa pè é, nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nílé wa kí ẹ̀rọ tó dé.

Ìkànnì mẹ́ta ni ó wà ní ìkáwọ́ mi. Èkíní ni ti òwe, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń kó jọ láti ẹnu àwọn àgbà ìlú wọn nígbà ìsinmi. Èkejì ni ti oríkì ìdílé. Ohùn àwọn arúgbó wà nínú rẹ̀, díẹ̀ nínú wọn sì ti re ibi tí àgbà ń rè. Ẹ̀kẹta ni ti ẹgbẹ́ kékeré kan ní Jakande Estate, Ìlàsàn, níbi tí mò ń gbé. Orí rẹ̀ ni a ti ń pe ara wa sí iṣẹ́ ọ̀wẹ̀: ọjọ́ tí a óò kó gọ́tà, ọjọ́ tí a óò gé koríko, àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá.

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni à ń san owó ọdọọdún lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 ní ojú ọjà ìjọba. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kọjá ₦700. Ní ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Dọ́là tí à ń san kò lé sí i, ṣùgbọ́n náírà tí a fi ń rà á ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ìkànnì ṣe rí: bí ẹni tí ó gbà á sílé kò bá rí owó rẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn, bí ó bá pẹ́ sí i, yóò kó ẹrù inú rẹ̀ dànù. A lè tún ẹsẹ̀ ìwé tẹ̀. Ohùn ìyá arúgbó tí ó ti kú, ta ni yóò tún gbà á sílẹ̀? Nítorí náà ni a ṣe pinnu pé a óò gba ẹ̀rọ kan, a óò san owó kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì jọ máa gbé inú rẹ̀.

Àdírẹ́sì yàtọ̀ sí orúkọ

Gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní àdírẹ́sì tí a fi nọ́ńbà kọ. Irú èyí tí ó gbajúmọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní IPv4, kò lè ju 4,294,967,296 lọ ní gbogbo ayé, iye yìí kò sì tó iye ènìyàn tí ó wà láyé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2011 ni àjọ IANA pín ìdìpọ̀ tí ó kẹ́yìn fún àwọn àjọ márùn-ún tí ń bójú tó ẹkùn márùn-ún àgbáyé. Láti ìgbà náà ni irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí a ń ṣọ́ ná.

Kò sí ẹni tí ń há nọ́ńbà wọ̀nyí sórí. Orúkọ ni à ń pè. Ètò kan tí ń jẹ́ DNS ni ó sì ń wo nọ́ńbà tí orúkọ náà ń gbé. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣòro kan wà níbẹ̀. Nínú ìlànà HTTP tí Tim Berners-Lee gbé kalẹ̀ ní ibùdó CERN ní Geneva, bí àlejò bá ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ, ohun tí yóò sọ kò ju èyí lọ: "Ẹ bá mi mú ìwé báyìí-báyìí wá." Kò sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wá. Bí ìdílé mẹ́ta bá wà nínú ilé náà, tí ìwé kan náà sì wà lórí tábìlì olúkúlùkù, èwo ni a óò mú fún un? Ìdí nìyí tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan fi níláti ní àdírẹ́sì tirẹ̀ nígbà náà.

Nígbà tí wọ́n tẹ ìlànà HTTP/1.1 jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1997, wọ́n sọ ìlà kan di dandan fún gbogbo àlejò:

Host: owe.example.org

Ìlà kan péré ni, òun ni ó sì tú ìṣòro náà. Àlejò níláti dárúkọ ẹni tí ó ń wá. Bí ó bá kọ̀ tí kò dárúkọ, òfin sọ pé kí ẹ̀rọ dá a padà pẹ̀lú nọ́ńbà àṣìṣe 400. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìkànnì ti lè jọ gbé àdírẹ́sì kan. (Mo fi example.org rọ́pò orúkọ ìkànnì wa níhìn-ín. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ báyìí ni.)

Ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ìlàsàn

Àwa tí a ń gbé Jakande Estate kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa pẹ́. Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákáńdè, tí ó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti oṣù Kẹwàá ọdún 1979 títí di ìparí ọdún 1983, ni ìjọba rẹ̀ kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Èkó. Ó papò dà ní oṣù Kejì ọdún 2021, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lára àwọn ilé náà. Nítorí pé wọ́n pọ̀, ẹni tí ó bá sọ fún awakọ̀ pé "Jakande ni mò ń lọ" kò tíì sọ nǹkan kan. Ó níláti fi kún un: Jakande ti Ìlàsàn ni, tàbí ti Ìsọlọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣíwájú kò tó. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń sọ ibi tí ó wà.

Ẹ̀kọ́ kejì le ju èyí lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Raji Rasaki wó Màrókò palẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn di aláìnílé. Díẹ̀ nínú àwọn onílé ni wọ́n kó wá sí àwọn ilé ìjọba ní Ìlàsàn àti Ìkòta, tí kíkọ́ wọn kò tíì parí. Ẹni tí ó mọ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Màrókò nípa nọ́ńbà ilé nìkan kò rí ibi tí yóò wá a sí mọ́, nítorí àdírẹ́sì náà ti di erùpẹ̀. Ẹni tí ó mọ orúkọ ni ó lè béèrè láti búlọ́ọ̀kì kan dé òmíràn títí yóò fi bá a. Àdírẹ́sì wó, orúkọ kò wó.

N kò fi ìjìyà ènìyàn wé ìṣípòpadà ẹ̀rọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ tí orúkọ ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí a kó ìkànnì oríkì kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́, nọ́ńbà rẹ̀ yí padà pátápátá, síbẹ̀ kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó nílò láti kọ́ orúkọ tuntun. A kàn sọ fún DNS pé ẹni tí wọ́n ń wá ti kó lọ sí ibòmíràn ni.

Kí ni kí á máa pè é?

Àwọn àgbà wa nínú iṣẹ́ ìmọ̀ èdè, lára wọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, ti fi hàn wá nínú iṣẹ́ èdè-ìperí pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ àjèjì ni à ń túmọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ. Ẹ jẹ́ kí á dán an wò. Host: olùgbàlejò. Virtual: aláìṣeéfojúrí. Bí a bá so wọ́n pọ̀, a ó ní "olùgbàlejò aláìṣeéfojúrí". Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé iwin kan ni à ń sọ, tí ń gba àlejò lóru. Bí a bá sì fi "àfarawé" túmọ̀ virtual, a ti fi ẹ̀sùn èké kan ìkànnì tí kò ṣẹ̀. Ìkànnì òwe wa kì í ṣe àfarawé ìkànnì. Ó pé, ó gún, ó ní orúkọ, ó ní ẹrù, ó ní ilẹ̀kùn. Ohun tí kò ní ni ilé àdágbé.

Mo dábàá pé kí á máa pè é ní ojúlé. Nínú agbo ilé Yorùbá, ògiri kan lè yí gbogbo ilé ká, ẹnu ọ̀nà kan ni àlejò sì máa ń bá wọlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọlé tán, yóò bá ojúlé lóríṣìíríṣìí. Olúkúlùkù ni ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, olórí tirẹ̀ àti ẹrù tirẹ̀. Ojú àti ilé ni a kán pọ̀, tí a pa fáwẹ̀lì kan jẹ. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ń gba ìkànnì sílé ni agbo ilé. Nọ́ńbà IP ni ẹnu ọ̀nà. Virtual host ni ojúlé. Ẹnìkan lè sọ pé a ti ń lo ojúlé fún nọ́ńbà ilé ní ìgboro. Òótọ́ ni, kò sì sí ìjà níbẹ̀: ohun tí à ń tọ́ka sí náà kò ju ilẹ̀kùn ibi tí a ń lọ.

Bí a ṣe ń to ojúlé

Apache, tí ó ti wà láti ọdún 1995, ni a lò, lórí ẹ̀rọ tí ń lo Debian. Fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, a ń kọ fáìlì kékeré kan sínú fódà /etc/apache2/sites-available. Èyí ni ti òwe, tí a pe orúkọ fáìlì rẹ̀ ní owe.conf:

<VirtualHost *:80>
    ServerName owe.example.org
    ServerAlias www.owe.example.org
    DocumentRoot /var/www/owe
    AddDefaultCharset UTF-8
</VirtualHost>

Ìlà kìíní ń sọ pé kí ojúlé yìí dá gbogbo ẹni tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà 80 wọlé lóhùn. ServerName ni orúkọ tí ó ń jẹ́. DocumentRoot ni yàrá tí ẹrù rẹ̀ wà. Bí a bá kọ ọ́ tán, a ó fi àṣẹ a2ensite owe ṣí ilẹ̀kùn ojúlé náà. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi apache2ctl configtest yẹ iṣẹ́ wa wò. Bí ó bá dáhùn pé Syntax OK, a ó ní kí Apache tún ìwé rẹ̀ kà: systemctl reload apache2. Àṣẹ kan tún wà tí mo fẹ́ràn gidigidi, apache2ctl -S. Ṣe ni ó máa ń ka orúkọ gbogbo àwọn tí ń gbé inú agbo ilé náà fún wa, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣàkíyèsí ServerAlias. Àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn lè rò ó pé kí ni ẹnìkan ń fi orúkọ méjì ṣe, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó ní orúkọ kan? Táíwò lè jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, Adébáyọ̀ àbísọ, Àkànní oríkì, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tún fún un ní ìnagijẹ. Èyíkéyìí tí a bá pè, ẹnì kan náà ni yóò dáhùn. Iṣẹ́ ServerAlias nìyẹn.

Àlejò tí kò mọ orúkọ

Bí àlejò bá wọ agbo ilé tí kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó ń wá, tàbí tí ó pe orúkọ tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò jẹ́, ọ̀dọ̀ baálé ni à ń mú un lọ. Apache náà ní baálé. Ojúlé tí ó bá kọ́kọ́ kà ni ó ń fi ṣe baálé, lẹ́sẹẹsẹ ABD ni ó sì máa ń ka orúkọ àwọn fáìlì. Ìdí nìyí tí Debian fi sọ fáìlì àkọ́kọ́ ní 000-default.conf, kí ó lè ṣáájú gbogbo wọn.

Ẹ má ṣe fi ipò yìí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Bí ìkànnì oríkì bá jẹ́ baálé láìmọ̀, ẹni tí ó ṣi orúkọ ọ̀wẹ̀ kọ yóò bá ara rẹ̀ láàárín oríkì ìdílé ẹni ẹlẹ́ni. Ojúlé àkọ́kọ́ tiwa kò ní ju ìwé kan lọ: ó kí àlejò káàbọ̀, ó sì sọ orúkọ àwọn tí ń gbé ibẹ̀, kí ó lè mọ èyí tí yóò yà sí.

Òwe ni, tàbí ọ̀wẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èmi onímọ̀ èdè gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ìkànnì òwe fẹ́ máa jẹ́ owe. Ìkànnì iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ náà, bí a bá yọ àmì rẹ̀ kúrò, owe ni yóò jẹ́! Bí ojúlé méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́nu ọ̀nà kan, Apache kì í gbẹ́jọ́. Èyí tí ó kọ́kọ́ kà ni yóò máa dá gbogbo àlejò lóhùn, ìkejì yóò wà nínú ilé bí ẹni tí kò sí. Àwọn tí ń sọ pé àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ kì í ṣe dandan, ẹ wá wò ó: ojúlé kan ti sọnù nítorí ẹ̀kán inki méjì.

Láyé àtijọ́, kìkì a dé z, nọ́ńbà àti àmì ìdè ni DNS ń gbà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2003 ni wọ́n tẹ ìlànà Punycode jáde, èyí tí ń yí lẹ́tà tí ó ní àmì padà sí àwọn lẹ́tà tí DNS mọ̀. Bí a bá tẹ ọwẹ.example.org, ohun tí browser yóò fi ránṣẹ́ ni:

xn--w-fwm0c.example.org

Èyí ni a níláti kọ sí ServerName, nítorí òun ni Apache yóò gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àmì ìsàlẹ̀ nìkan ni a lò, a fi àmì ohùn sílẹ̀, nítorí pé àmì ìsàlẹ̀ ti tó láti ya ọ̀wẹ̀ kúrò lára òwe. Fún àwọn aládùúgbò tí fóònù wọn kò ní ọ àti ẹ, a fi ServerAlias kan kún un, ise-owe.example.org. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo àwọn tí ó ti wà nínú agbo ilé kí ẹ tó sọ ojúlé tuntun lórúkọ.

Ìlà AddDefaultCharset UTF-8 náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Báìtì mẹ́ta ni UTF-8 fi ń kọ ẹ. Bí ẹ̀rọ kò bá sọ fún browser pé UTF-8 ni, tí ìwé fúnra rẹ̀ kò sì sọ ọ́, browser lè ka báìtì kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé lẹ́tà kan ni. Ẹyẹ yóò wá di áº¹yáº¹. Ojúlé kọ̀ọ̀kan lè ní ìlà yìí tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀ ní ojúlé kankan tí Yorùbá bá ń gbé.

Àgbélépọ̀ ní ewu tirẹ̀

Ìlẹ̀kùn tí ó ní àgádágodo ni ayé ń lò báyìí, ìyẹn HTTPS. Ó ní ìṣòro tirẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá ti wà nínú àṣírí, báwo ni agbo ilé yóò ṣe mọ ìwé-ẹ̀rí ojúlé tí yóò fi han àlejò? Ètò SNI, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, ni ó jẹ́ kí àlejò dárúkọ ẹni tí ó ń wá kí ìjíròrò àṣírí tó bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2015 sì ni Let's Encrypt ti ń fún gbogbo ènìyàn ní ìwé-ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà kò sí àwáwí mọ́.

Ṣùgbọ́n mo níláti sọ òdìkejì ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Bí ètò orí ìkànnì ọ̀wẹ̀ bá gbó tí olè gba ibẹ̀ wọlé, ó lè dé yàrá oríkì. Bí ẹ̀rọ náà bá kú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò kú lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, ẹ̀dà gbogbo ohùn àwọn arúgbó wà lórí àwọn dísíìkì méjì tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú mìíràn. Ojúlé jẹ́ ibi tí a ti ń kí àlejò. Kì í ṣe àká.

Owó ọdọọdún wa ti di ẹyọ kan báyìí, àyè sì ṣì wà nínú agbo ilé náà fún ojúlé mélòó kan sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ní àkójọ àlọ́, ìtàn ìlú tàbí orúkọ ewé lórí fóònù yín, ẹ má ṣe dúró de owó ilé àdágbé. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí iṣẹ́ yín jọra, kí ẹ jọ gba agbo ilé kan. Bí ẹ bá sì ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ojúlé lọ fún virtual host, mo ń retí rẹ̀. Ẹ kàn rí i pé àmì rẹ̀ pé.